Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ kọ ìṣirò òwò yín sílẹ̀ kí owó má baà tán mọ́ yín lọ́wọ́ sọ́jà

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wà tó ń ta ìrẹsì nílùú Ọ̀yọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó N500,000 sínú báàgì, ó wọ mọ́tò, ó di ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní N60,000 ni àpò ìrẹsì kan. Màmá yìí kò mú bírò, kò mú ìwé, ọkàn ló fi ṣírò rẹ̀. Ó ní àpò 8 yóò jẹ́ N480,000, N20,000 yóò sì kù sí òun lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sanwó, wọ́n kó àpò 8 jáde fún un.

Ìgbà tó yá ni alábàárù dé, tó ní N500 lòun yóò gbà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Onímọ́tò tí yóò kó ẹrù lọ sí Ọ̀yọ́ náà ní N2,000 ni owó àpò kan. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é wò: N2,500 lọ́nà mẹ́jọ, N20,000 géérégé ni. Bí owó ọwọ́ màmá yìí ṣe tán pátápátá nìyẹn o. N4,000 tí yóò fi wọkọ̀ padà sílé kò sí mọ́. N30,000 tó yẹ kó fún alájọ lọ́jọ́ kejì, òun náà ti wọnú ìrẹsì lọ.

Ẹni tó bá ti ń nájà fún ọdún díẹ̀ mọ ohun tó máa ń kẹ́yìn irú èyí. Yálà kí màmá yìí ta àpò kan ní ẹ̀dínwó fún ẹlòmíràn nínú ọjà kan náà, tàbí kó tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé kó fowó ránṣẹ́, tàbí kó lọ yá owó èlé. Èyíkéyìí tó bá ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èrè tó yẹ kó jẹ lórí ọjà náà ti ń jò lọ kí ọjà tó délé.

Kò sí olè tó ja màmá yìí, kò sí oníjìbìtì tó lù ú. Ìbéèrè tí kò pé ló bi ara rẹ̀. Ó bèèrè pé, àpò mélòó ni N500,000 lè rà? Ìbéèrè tó yẹ kó bèèrè ni pé, àpò mélòó ni mo lè rà tí gbogbo ìnáwó mi lápapọ̀ kò fi ní í ju N500,000 lọ? Ọ̀rọ̀ méjì yìí jọra létí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ń pa ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké.

Ìbéèrè kejì yìí la fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ sílẹ̀ lónìí. Àwọn olùkọ́ ìṣirò ní girama ń pè é ní linear inequality. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ yẹn, orí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fọ́. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà lára wọn. Mo há a sórí, mo fi yege ìdánwò, mo sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ròyìn òwò ni mo tó rí i pé ohun tí ìyá tó bí mi lọ́mọ máa ń ṣe nígbàkigbà tó bá ń lọ sọ́jà ni. Kó tó jáde nílé ni yóò ti so owó ọkọ̀ àbọ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀. Owó àjọ yóò wà níbòmíràn. Èyí tó bá kù ló ń pè ní owó ọjà, kò sì sí bí ọjà ṣe lè dùn tó, kì í tú etí ìró yẹn. Ìṣirò tí wọ́n fi lẹ́tà kọ́ mi nílé ìwé, aṣọ lòun fi ń ṣe é.

Kí a tó máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tí a dárúkọ nínú ìwé yìí ná ọjà o. Àpẹẹrẹ la fi wọ́n ṣe kí ìṣirò lè rọrùn. Iye tí ẹ bá bá lọ́jà ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Àmì mẹ́rin péré ni

Ìṣirò tó mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára ni ti ọgbọọgba, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ =. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún bá ti òsì dọ́gba, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ohun tó máa ń dọ́gba nínú òwò. Ààlà ló pọ̀ níbẹ̀. Owó tí a ó ná kò gbọdọ̀ kọjá ibì kan, owó tó ń wọlé kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ibì kan lọ. Ìṣirò àìdọ́gba ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmì mẹ́rin ló sì ń lò.

Àkọ́kọ́ ni <, èyí tó túmọ̀ sí “kéré sí” tàbí “kò tó”. Ìkejì ni >, èyí tó túmọ̀ sí “ju bẹ́ẹ̀ lọ”. Ìkẹta ni ≤, ìyẹn “kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ”. Ìkẹrin ni ≥, ìyẹn “kò gbọdọ̀ dín ní bẹ́ẹ̀”. Bí ẹ bá fẹ́ máa rántí, ẹ wo ẹnu àmì náà. Ọ̀dọ̀ ohun tó pọ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa ń là sí, ọ̀dọ̀ ohun tó kéré ni ṣóńṣó rẹ̀ máa ń nà sí.

Ẹ má fojú kékeré wo ìlà tó wà lábẹ́ méjì ìkẹyìn yẹn. Òun ló ń sọ bóyá ẹni tó dúró lórí ààlà gan-an wà nínú ilé tàbí ó wà níta. Ẹ wo òfin ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2020, tó ní kí wọ́n máa yọ N50 lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, bí owó náà bá ti jẹ́ N10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pe owó náà ní F, ohun tí òfin yẹn sọ nígbà náà ni pé F ≥ 10,000. N10,000 gan-an wà nínú rẹ̀. N9,999 kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní F > 10,000 yóò máa rò pé N10,000 bọ́ lọ́wọ́ N50, ìyàlẹ́nu ni yóò sì jẹ́ fún un nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́.

Ibì kan tún wà tí èdè wa ti lè tan èèyàn. A máa ń sọ pé “ó kéré tán, mo gbọ́dọ̀ pa N50,000”. Nítorí pé a gbọ́ “kéré” nínú ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ lè yára kọ àmì kéré sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní “ó kéré tán, N50,000” ń sọ pé òun lè pa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun kò gbọdọ̀ pa dín. Àmì ≥ ni tirẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ní “ó pọ̀ jù, mo lè san N50,000” ń sọ pé òun kò ní í kọjá ibẹ̀. Àmì ≤ ni tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “pọ̀” la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń dá lẹ́kun ni kí ẹ máa wò.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ rèé

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ran ìyá onírẹsì wa lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ni ohun tí a kò tíì mọ iye rẹ̀? Àpò tó lè rà ni. Ẹ fún un ní lẹ́tà kan. A ó pè é ní A.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ìnáwó sí ọ̀nà méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni ìnáwó tó ń pọ̀ sí i bí ọjà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Fún àpò kan, N60,000 owó ìrẹsì, N2,000 owó mọ́tò ẹrù àti N500 alábàárù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ N62,500. Nítorí náà, àpò A yóò jẹ́ 62,500A. Èyí ìkejì ni ìnáwó ojú kan, tí kò bìkítà bóyá àpò kan la rà tàbí ogún. N4,000 owó ọkọ̀ àbọ̀ àti N30,000 àjọ ni, N34,000 lápapọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ààlà wo ló wà níbẹ̀? Gbogbo ìnáwó kò gbọdọ̀ ju N500,000 lọ. Àmì ≤ ni a ó lò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ọ́, ẹ yanjú rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò.

62,500A + 34,000 ≤ 500,000

Ẹ yọ N34,000 kúrò lápá méjèèjì, bí ìgbà tí màmá mi so owó mọ́ etí ìró:

62,500A ≤ 466,000

Ẹ fi 62,500 pín in:

A ≤ 7.456

Kò sí ẹni tó ń ra àpò ìrẹsì 7.456 ní Bódìjà. Àpò 7 ni màmá yìí lè rà. Ẹ dán an wò: àpò 7 lọ́nà N62,500 jẹ́ N437,500. Bí a bá fi N34,000 kún un, ó di N471,500. N28,500 ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ àpò 8 ni, N534,000 ni yóò jẹ́, ìyẹn ni pé N34,000 ti wọ gbèsè. Àpò kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín padà sílé àti ẹni tó ń wá owó ọkọ̀ kiri.

Aṣọ mélòó ni aránṣọ gbọ́dọ̀ rán?

Ọ̀rọ̀ yí padà bó bá di ti ẹni tó ń fẹ́ kí owó wọlé. Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan. Lóṣù, ó ń san N15,000 owó ṣọ́ọ̀bù, ó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ N33,000, ó sì ń ná N12,000 sórí oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìnáwó ojú kan rẹ̀ jẹ́ N60,000. Ó ń gba N8,000 lórí aṣọ kan, òwú, síìpù àti láínì sì ń gba N1,500 nínú rẹ̀. Ohun tó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí aṣọ kan jẹ́ N6,500.

Bí a bá pe aṣọ tó gbọ́dọ̀ rán lóṣù ní R, kó má baà pàdánù, ohun tó ń wọlé kò gbọdọ̀ dín ní ìnáwó:

6,500R ≥ 60,000

R ≥ 9.23

Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra o. Nígbà tó jẹ́ ti ìrẹsì, a sọ̀ kalẹ̀ láti 7.456 sí 7. Èyí kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rán aṣọ 9, N58,500 ni yóò rí, N1,500 kò tíì pé. Aṣọ 10 ló gbọ́dọ̀ rán. Òfin tó wà níbẹ̀ kò le: bí ààlà bá wà lókè tí a kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, bí ààlà bá wà nísàlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i, ẹ gòkè.

Ṣùgbọ́n aránṣọ yìí náà ní ẹnu, ó ní ọmọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa oníṣòwò kéékèèké ni pé a kì í ka owó iṣẹ́ tiwa mọ́ ìnáwó. Bó bá fẹ́ mú N70,000 lọ sílé lóṣù, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ ọn:

6,500R ≥ 130,000

R ≥ 20

Ogún aṣọ lóṣù, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹni tó rán aṣọ 12 lè máa rò pé òun ń jèrè, bẹ́ẹ̀ N78,000 ló wọlé. Bó bá ti yọ N60,000 kúrò, N18,000 ló fi ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, gbogbo wa la mọ ojú tí owó epo ń kọ síni. Bí owó jẹnẹrétọ̀ aránṣọ yìí bá fi N13,000 lé sí i lóṣù, iye tó gbọ́dọ̀ pé yóò kúrò ní N130,000, yóò di N143,000. Ẹ fi 6,500 pín in, ẹ ó rí 22. Aṣọ méjì sí i nìyẹn. Ní báyìí, kò ní í máa ráhùn lásán pé epo ti wọ́n. Ó ti mọ̀ pé ohun tí epo gbà lọ́wọ́ òun jẹ́ aṣọ méjì, ó sì lè pinnu bóyá òun yóò wá oníbàárà méjì sí i ni, tàbí òun yóò fi owó díẹ̀ lé owó ìránṣọ.

Ìgbà tí àmì máa ń yí ojú padà

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún àwọn èèyàn náà nílò ìṣirò yìí. Ká ní ẹnì kan jí pẹ̀lú N150,000 lọ́wọ́, tó sì ti pinnu pé owó ọwọ́ òun kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju N20,000 lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ń gba N8,000, èèyàn mélòó ló lè dá lóhùn? Ẹ jẹ́ ká pe wọ́n ní B:

150,000 − 8,000B ≥ 20,000

−8,000B ≥ −130,000

Bí a bá fi −8,000 pín in báyìí, àmì náà gbọ́dọ̀ yí ojú padà:

B ≤ 16.25

Ìdí tó fi ń yí padà kò ju ọ̀rọ̀ gbèsè lọ. Ẹni tó ní N5,000 lówó ju ẹni tó ní N3,000 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gbèsè ni àwọn méjèèjì jẹ, ẹni tó jẹ N5,000 ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá ti sọ owó di gbèsè, ẹni tó wà lókè á bọ́ sísàlẹ̀. Iye tó ní àmì ìyọkúrò níwájú bí gbèsè ló rí, ohun tó sì ń yí àmì padà nìyẹn. Ẹni tí èyí bá dàrú mọ́ lójú lè gbé 8,000B lọ sí apá kejì, kó kọ ọ́ ní 130,000 ≥ 8,000B. Ibì kan náà ni wọn yóò jọ dé: èèyàn 16 ni, owó tó kù yóò sì jẹ́ N22,000. Bó bá dá ẹnì kẹtàdínlógún lóhùn, N14,000 ló kù, ó ti já ààlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Oníbúrẹ́dì tó ní ààlà mẹ́ta

Nígbà míì, ohun tí a kò mọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ààlà náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wo oníbúrẹ́dì kan tó ń ṣe búrẹ́dì tó tóbi àti búrẹ́dì kékeré. Ẹ pe èyí tó tóbi ní T, ẹ pe kékeré ní K. Àpò fulawà kan, oníkílò 50, ló ní nílẹ̀. Búrẹ́dì tó tóbi ń gba kílò 0.5, kékeré ń gba kílò 0.25. Ààlà fulawà nìyí:

0.5T + 0.25K ≤ 50

Bí a bá fi 4 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ó di 2T + K ≤ 200.

Ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, ọ̀rá àti igi ìdáná ń gba N300 lórí èyí tó tóbi, N200 lórí kékeré. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju N31,000 lọ:

300T + 200K ≤ 31,000

Bí a bá fi 100 pín in, ó di 3T + 2K ≤ 310.

Ààlà kẹta ni ìlérí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti sọ pé àwọn fẹ́ búrẹ́dì kékeré 80, ó kéré tán. Nítorí náà, K ≥ 80. A sì mọ̀ pé T kò lè dín ní òdo, nítorí kò sẹ́ni tó ń yan búrẹ́dì tó dín ní òfo.

Tí oníbúrẹ́dì yìí bá ń jèrè N250 lórí èyí tó tóbi àti N100 lórí kékeré, èyí tó tóbi ló mówó wọlé jù, yálà ẹ fi fulawà wọ̀n ọ́n ni tàbí ẹ fi owó ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tó yẹ ni pé kó kọ́kọ́ ṣe 80 tó ṣèlérí, kó wá fi èyí tó kù ṣe tó tóbi. Ẹ fi 80 sípò K. Fulawà ní: 2T ≤ 120, ìyẹn T ≤ 60. Owó ọwọ́ ní: 3T ≤ 150, ìyẹn T ≤ 50.

Fulawà ń sọ pé ó lè ṣe 60, owó ń sọ pé 50 ni. Ta ni kó gbọ́ tirẹ̀? Ààlà tó bá kọ́kọ́ kàn án lára ni. 50 ni yóò ṣe. Èrè rẹ̀ yóò jẹ́ N12,500 lórí àwọn tó tóbi àti N8,000 lórí àwọn kékeré, N20,500 lápapọ̀. Kílò 45 ni yóò lò nínú fulawà, kílò 5 yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà nínú kílò 5 yẹn. Bí wọ́n bá bá a ná fulawà ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ náà, tó sì lọ ra àpò kan sí i, kò ní í rí ẹyọ búrẹ́dì kan lé sí i, nítorí fulawà kọ́ ló ń dè é lọ́wọ́. Yóò kàn sọ owó rẹ̀ di ẹrù nínú yàrá ni. Owó ọwọ́ ló há. Bó bá rí N3,000 sí i, yóò lè ṣe búrẹ́dì tó tóbi 10 sí i, yóò sì fi N2,500 kún èrè. Nígbà náà, bó bá fẹ́ yá N3,000 yẹn, ó ti mọ èlé tó lè gbà: èlé < 2,500. Bí èlé bá ti tó N2,500, ẹni tó yá a lówó nìkan ló ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ̀kọ́ kejì tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn wá sọ pé búrẹ́dì kékeré 160 làwọn fẹ́, tí wọ́n sì na owó ìdókòwò sí i. Ta ni kò ní í gbà á? Ṣùgbọ́n ẹ fi í sínú ààlà owó: 160 lọ́nà 2 jẹ́ 320, ìyẹn sì ju 310 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ẹyọ kan nínú èyí tó tóbi. Kò ṣeé ṣe pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 155 ló lè ṣe mọ. Ẹni tó ṣírò kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà á lè sọ pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó àsansílẹ̀. Ẹni tó gba owó kó tó ṣírò ló ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn, oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sì í padà wá.

Ìjọba náà ń fi ààlà sọ̀rọ̀

Ẹ má rò pé inú ìwé ìṣirò nìkan ni èyí wà. Òfin tó de oníṣòwò kún fún un. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù di N70,000. Bí ẹ bá pe owó oṣù ní S, òfin yẹn ń sọ pé S ≥ 70,000. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ti ọdún 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 24 bọ́ sí apá kan, ẹni tó ní 25 bọ́ sí apá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹnì kan sí i láti orí 24 ní láti mọ̀ pé ààlà lòun fẹ́ rékọjá yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oní-POS. Lóṣù Kejìlá, ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, pàṣẹ pé owó tí oníbàárà kan yóò gbà lọ́wọ́ wọn lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju N100,000 lọ, àti pé gbogbo owó tí oní-POS kan yóò san jáde lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju N1,200,000 lọ. Ààlà méjì nìyẹn lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí gbogbo oníbàárà bá ń gba N100,000, ẹnì kejìlá ló parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, bí owó tilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí aráyé ti ń fi irú ààlà báyìí ṣètò. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Harriot, ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1631, lẹ́yìn tó ti kú, tí àmì < àti > fi di ohun tí gbogbo ayé rí. Pierre Bouguer, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi ìlà sí i lábẹ́ lọ́dún 1734. Lọ́dún 1939, Leonid Kantorovich, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ̀wé nípa bí ilé iṣẹ́ ṣe lè fi ìwọ̀nba ohun tó ní ṣe ọjà tó pọ̀ jù, ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe pákó pílíúùdù mú wá bá a ló sì tì í dé ibẹ̀. Lọ́dún 1947, George Dantzig tó ń bá ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a fi lè yanjú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bí ààlà rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ lọ súà. Kantorovich àti Tjalling Koopmans jọ gba ẹ̀bùn Nobel nídìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1975. Ìṣòro oníbúrẹ́dì wa, àbúrò tiwọn ni. Bí ohun tó ń dínà ṣe pọ̀ tó nìkan ló yàtọ̀.

Kí ẹ tó jáde lọ́la

Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí dé ibí, ẹ má jẹ́ kó parí sí kíkà. Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé kan àti bírò kan. Ẹ kọ iye owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, ẹ má kọ èyí tí ẹ ń retí pé ẹnì kan yóò san. Ẹ kọ ìnáwó ojú kan yín, kí ẹ sì jẹ́ kí owó iṣẹ́ tiyín wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹyọ ọjà kan ń ná yín títí tó fi délé, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é lọ́jà nìkan. Ẹ wá bi ara yín pé, ààlà wo ni n kò gbọdọ̀ kọjá, ààlà wo ni n kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí? Ẹ fi àmì sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ẹ pe ọmọ yín tó wà ní girama kó bá yín kọ ọ́. Inú rẹ̀ yóò dùn láti rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n tún ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí màmá onírẹsì wa bá kọ ìlà kan ṣoṣo sórí ìwé kó tó tú báàgì rẹ̀ ní Bódìjà, àpò 7 ni ìbá rà, ìbá wọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́, alájọ ìbá bá owó rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní tèmi, nígbàkigbà tí mo bá rí àmì ≤ báyìí, etí ìró màmá mi ni mo máa ń rí.